Ìdí Tí Fáìlì Kékeré Kan Fi Ń Fara Pamọ́ Sínú Fódà

Nígbà láéláé, nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn fódà, ìyẹn àpò inú rẹ̀ tí à ń kó nǹkan sí, kì í rántí ohunkóhun.

Alábòójútó ni ọba wọn. Bí wọ́n bá ti pa fódà kan dé, Alábòójútó á tú ẹrù inú rẹ̀ ká, á sì tò ó bó ṣe wù ú: orúkọ wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ lórí ìlà, láìsí àwòrán kankan.

Fódà kan wà tó ń jẹ́ Àwòrán. Ti Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ ni, télọ̀ tí kò mọ̀wé kà. Ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń sọ àwòrán ẹ̀wù inú rẹ̀ di ńlá, á to ẹ̀wù ọmọdé sápá kan, á to ẹ̀wù ìyàwó sápá kejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo rẹ̀ á ti dàrú.

Lọ́jọ́ kan, ó pòṣé. "Ó ti sú mi! Bí mo bá tún bá fódà yìí báyìí lọ́la, màá pa á rẹ́."

Àwòrán gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó tọ Alábòójútó lọ.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí n máa rántí bí wọ́n ṣe tò mí. Wọ́n fẹ́ pa mí rẹ́."

Alábòójútó rẹ́rìn-ín. "Òfin kan náà ni fún gbogbo yín. Ìdọ́gba nìyẹn."

"Ìdọ́gba kẹ̀? Ẹ wọ bàtà kan náà fún ọmọ ọwọ́ àti àgbàlagbà, ẹ wá ń pè é ní ìdọ́gba!"

"Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Orí mi kò lè gba ìrántí gbogbo yín."

"A ò ní kí ẹ fi orí yín gbé e. Ẹ fún wa ní tiwa, a ó gbé e fúnra wa."

"N kò fún un yín!"

"Ó dáa. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa mí dé mọ́."

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ fẹ́ pa fódà náà dé. Àwòrán dúró gbọin. Alábòójútó tì í títí, kò mira.

Fódà Orin, ojo paraku, ló kọ́kọ́ pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, mo wà lẹ́yìn yín!" Ni gbogbo fódà bá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kọ̀ǹpútà gan pa, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Alábòójútó figbe ta. "Ó tó! Kí kálukú mú fáìlì kékeré kan, kó máa kọ bí wọ́n ṣe tò ó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi í pamọ́ o! Kí aráyé má mọ̀ pé ẹ ṣẹ́gun mi."

"A gbọ́," ni Àwòrán fèsì. "Ohun tó pamọ́ kò kúkú ṣaláìsí."

Nígbà tí Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ ṣí i lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan wà láyè rẹ̀. Kò pa á rẹ́ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni fáìlì kékeré kan ti ń gbé inú fódà, tí ojú kì í rí. Bí o bá ṣí fódà rẹ, tí o bá ohun gbogbo bí o ṣe fi í sílẹ̀, má dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba. Àwọn tó kọ̀ kí wọ́n pa wọ́n dé ni ọpẹ́ yẹ.