Ohun Tí Sínótù Kọ Sára Fẹ́ǹsì

Ọdún mẹ́sàn-án ni Sínótù fi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú lọ gbálẹ̀ ọ́fíìsì l'Ékòó, kó tó rí ilé oníyàrá mẹ́ta tí apá rẹ̀ ká. Olóyè Ṣóbándé ti gbà láti tà á fún un, àfi bí olówó kan ṣe dé láti òkè òkun, ni Olóyè bá yí ohùn padà lójú gbogbo lańlọ́ọ̀dù àdúgbò: “Ọ̀sán òní ni yóò wá wo ilé. Bí kò bá fẹ́ ẹ, tìrẹ ni. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ bá a sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.” Sínótù ní, “Mo ti gbọ́, Bàbá.” Ó ra ọ̀dà pupa, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára fẹ́ǹsì: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN GBÁJÚẸ̀. Ó wá lọ jókòó sódìkejì títì, ó panu mọ́. Bí àlejò ṣe kà á ló dúró gbagidi. Olóyè ní irọ́ ni, ó forí búra, ó fọmọ búra. Àlejò ní bí gbájúẹ̀ ṣe máa ń búra náà nìyẹn, ló bá wọ mọ́tò ẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Olóyè ò lè yẹhùn lójú àwọn lańlọ́ọ̀dù tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó yá, gba ilé rẹ, kó o sì pa ìkọkúkọ yẹn rẹ́!” Sínótù fọwọ́ kan fẹ́ǹsì náà. “Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà ńbẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kà á lára ilé onílé láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Òní ni mo tó kà á lára tèmi.”