Oko Kókò Tó Wà Lẹ́yìn Odò

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Tọmọdé tàgbà ló ń pa òwe yìí, àmọ́ ṣé ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá?

Ní bùdó ogun àwọn ará Ìdóyè ni. Ọyádoyin ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú oúnjẹ níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó ẹyọ tí ìlú dá fún ogun wà, òun ló sì ń rán àwọn alárù lọ ra iṣu àti èlùbọ́. Lọ́dún tí òjò pẹ́, tí iṣu wọ́n bí ojú, Balógun Akíntáyé gba owó tó kù, ó fi gbogbo rẹ̀ ra ẹ̀tù. Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣẹ́ díẹ̀ kù fún oúnjẹ. Balógun bi í bóyá iṣu ni wọn yóò ki bọ ìbọn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀kọ tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Ọyádoyin ń bù fún àwọn jagunjagun. Àbúrò rẹ̀, Ṣóbándé, tó wà lára àwọn tí ń ṣíwájú ogun, wo inú igbá tirẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ojú ara mi ni mo ń rí nínú ẹ̀kọ yìí.”

Ṣóbándé rẹ́rìn-ín. Ọyádoyin kò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Balógun pè wọ́n jọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọn yóò kọlu ọ̀tá. Kí wọ́n sọdá odò, kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ oko kókò, kí wọ́n ba sínú àfonífojì, kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn títí fèrè yóò fi dún. Ní bùdó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni balógun ń sọ ète ogun. Ẹni tó bá ní kó tún un sọ, ojo ni. Gbogbo wọn dáhùn pé àwọn gbọ́.

Ọyádoyin wo ojú àbúrò rẹ̀, ó mọ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan. Bó bá lọ báyìí, kò ní í bọ̀. Ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó tú ká, ẹ bi Ṣóbándé ní ohun tí ẹ sọ.”

Balógun bi í.

“Ẹ ní oko kókò kan wà lẹ́yìn odò, Bàbá.”

“Kí ni mo ní kí ẹ ṣe níbẹ̀?”

Ṣóbándé wolẹ̀. “Ẹ kò sọ bóyá kókò ibẹ̀ ti tóbi.”

Balógun bi ẹlòmíràn; oko kókò. Ó bi ẹnì kẹta. Oko kókò náà ni. Kò sí ẹni tó rántí àfonífojì tàbí fèrè. Balógun wo inú igbá tirẹ̀. Ẹ̀kọ olómi yẹn ni òun náà ń mu.

“Ọyádoyin,” ó ní, “kó ìdajì ẹ̀tù náà fún àwọn ọdẹ abúlé, kí wọ́n fún wa ní iṣu.”

Wọ́n sún ọjọ́ ogun náà síwájú. Nígbà tí iṣu dé, tí wọ́n jẹ tí wọ́n yó, Balógun ṣe ohun tí balógun kan kò ṣe rí: ó tún ète rẹ̀ sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Ṣóbándé sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó kọjá lára oko kókò láìdúró. Ó lọ ogun náà, ó sì bọ̀.

Ìdí nìyí tí àgbà fi ń sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọ́n ń pa á nígbà tí ẹnì kan bá ń to ìmọ̀ràn, iṣẹ́ tàbí ìbáwí lé ẹni tí kò tíì jẹun lórí. Wọn a ní kó kọ́kọ́ gbé oúnjẹ kalẹ̀ ná.