Ìyàwó Atẹdùrù àti Ohùn Fíólà

Ọkùnrin atẹdùrù kan wà ní Abẹ́òkúta, ìyàwó rẹ̀ kì í kọrin. Ó mọ orin dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà lọ́mọge, olórí akọrin ìjọ wọn sọ fún un lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé ohùn rẹ̀ ti wúwo jù fún obìnrin. Láti ọjọ́ náà, bí ìjọ bá dìde kọrin, ètè lásán ló ń mì. Àfi bó bá ń lọ aṣọ nínú ilé, tó rò pé kò sẹ́ni nítòsí, ni ọkọ rẹ̀ máa ń gbọ́ ọ. Ọkọ a dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò ní jẹ́ húkọ́.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn orin àwọn ará Jámánì ayé àtijọ́, irú èyí tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́rin máa ń jókòó fi ohun èlò kọ nínú yàrá. Fayolíìnì ló sábà máa ń ṣíwájú níbẹ̀. Fíólà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tóbi jù ú lọ díẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, àárín ni wọ́n ń fi sí, bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan lára àwọn àgbà olórin náà ní kí ó dá orin, kí dùrù máa ṣe ègbè.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ pé ọgọ́ta ọdún, atẹdùrù kọ orin kan fún un. Ó ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn tó mọ fíólà lò. Inú bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ onífayolíìnì.

“Ṣé èmi ò sí nílé ni? Fíólà kẹ̀! Ìyẹn náà ń dá orin?”

“Ẹ má bínú. Ohùn ẹni tí mo kọ ọ́ fún ni mo ránṣẹ́ lọ wá ní Ìbàdàn.”

Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ pé ọgọ́ta ọdún, pálọ̀ wọn kún fún àlejò. Obìnrin náà jókòó, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ ní kí òun sọ̀rọ̀. Dùrù bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Fíólà wọlé, ohùn rẹ̀ nípọn, ó ń wọni lára bí ògì gbígbóná. Obìnrin náà gbé orí sókè. Orin tó ń kọ nídìí aṣọ lílọ̀ mà nìyẹn!

Kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là. Ohùn rẹ̀ wọ inú ti fíólà, àwọn àlejò sì ń wojú ara wọn, wọn ò mọ ẹni tó ń kọrin. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yí ara sí i, ó ń dúró dè é níbi tí èémí rẹ̀ bá ti kúrú. Wọ́n jọ kọ ọ́ dópin.

Onífayolíìnì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. “Màmá, níbo lẹ ń gbé ohùn yìí pamọ́ sí?”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ jẹ́ ká tún un kọ!”

Wọ́n tún un kọ títí oúnjẹ fi tutù.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí akọrin, tí o ti ń ro ẹni tí wàá yọ, rọra. Bí ohùn ẹnì kan kò bá bá ti àwọn yòókù mu, má tíì ní kó dákẹ́. Lọ wá orin tó bá a mu, kí o sì ní kó dá a.