Agogo Kẹ̀kẹ́ Lójú Ọ̀nà Oko

Ọkùnrin kan wà tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko. Ọ̀nà oko náà tóóró, kò gbà ju ènìyàn kan lọ. Ní ìlú rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣófo ló ń yà sínú koríko fún ẹni tó ru ẹrù, nítorí pé bí ẹrù bá bọ́ lórí ènìyàn, àfi kó dúró de ẹni tí yóò gbé e rù ú. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin yìí kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Ó so agogo ńlá kan mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, òkèèrè ló sì ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́rù á sá wọ inú ẹ̀gún, òun á kọjá fìì, kò ní kí i. Ó rò pé agogo òun ló ń ṣiṣẹ́.

Ìyá àgbà kan wà tó máa ń ru igi ìdáná gba ọ̀nà náà kọjá. Etí rẹ̀ ti di. Lọ́jọ́ kan, agogo dún títí lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́. Kẹ̀kẹ́ gbá a, igi fọ́n ká.

"Ṣé adití ni yín ni, Ìyá?"

Ohun tí ọkùnrin náà sọ nìyẹn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyá ṣa igi rẹ̀ jọ, ó dì í, ó jókòó tì í títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kó tó rí ẹni gbé e rù ú. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ará oko gbọ́n. Bí wọ́n bá ti gbọ́ agogo, wọ́n á yà sí ọ̀nà mìíràn tó gba etí odò, wọn ò sì ní padà sójú ọ̀nà náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan. Kẹ̀kẹ́ yọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkùnrin náà já sínú kòtò, kẹ̀kẹ́ dé e mọ́lẹ̀, itan rẹ̀ sì kán. Ó kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Agogo nìkan ló kù. Ó gbọ́ ohùn àwọn kan tó ń bọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Ohùn wọn yà sápá odò, kò gbọ́ wọn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó wá mọ̀ pé òun lè kú síbẹ̀.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ń bọ̀ tí kò yà. Ìyá onígi ni. Bó ṣe rí ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó ju ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, kò ro ti ẹni tí yóò gbé e rù ú.

"Ọmọ mi, o ò ṣe tẹ agogo rẹ kí wọ́n lè gbọ́?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. "Àtàárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, Ìyá."

Ìyá kò gbọ́ èsì yẹn. Ó ti ń sáré lọ pe ènìyàn. Wọ́n gbé e délé láàyè, ó kàn ń tiro ni.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, òótọ́ ni pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kì í ṣe ojú ọ̀run. Bí o bá pàdé ẹlẹ́rù lọ́la, ìbáà jẹ́ alùpùpù lo gùn, sọ̀ kalẹ̀, kí i, kí o yà fún un. Ohun tí agogo rẹ bá ti kọ́ àwọn èèyàn ni wọn yóò ṣe, lọ́jọ́ tí o bá fi pè wọ́n.