Ọ̀nà tí Ìyá Ìjọ Fi Màrìwò Dí

Nígbà tí ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Òkè-Ìrẹ̀, Dọ̀káàsì ni Ìyá Ìjọ. Bí ó bá ń gbàdúrà, ilé kẹta ní í ṣe àmín. Ìbídùn, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ti lóyún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bí òkú ọmọ. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ìjọ fi ń retí bíbọ̀ Olúwa ṣáájú Kérésìmesì, àràárọ̀ ni Dọ̀káàsì ń kúnlẹ̀: “Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ mi kú sórí ìkúnlẹ̀. Rán olùrànlọ́wọ́ sí wa.” Nígbà tí ilé ìwòsàn míṣọ́n ránṣẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀, ó ní àdúrà ti gbà.

Ó kó àwọn obìnrin ìjọ jáde, wọ́n gbá títì tí nọ́ọ̀sì yóò gbà wọ̀lú mọ́ tónítóní. Àmọ́ ọ̀nà oko tó wá láti ahéré Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, àgbà agbẹ̀bí tí kì í ṣe onígbàgbọ́, màrìwò ló so dí i. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá rí màrìwò lójú ọ̀nà kò gbọdọ̀ kọjá.

“Abọ̀rìṣà kò ní wá da ètò àlejò Olúwa rú mọ́ wa lọ́wọ́,” ó wí.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ń retí nọ́ọ̀sì gan-an ni Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Dọ̀káàsì fi í sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, ó lọ dúró sójú títì. Ó na ọrùn títí oòrùn fi rọlẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó sáré padà wọlé, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ ló bá nídìí ọmọ rẹ̀, tó gbé ìkókó tó ń ké dání. Ìbídùn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ ìyá arúgbó náà.

“Ìyá, kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?”

“Ẹ̀gún ni. Mo gbọ́ igbe ọmọ rẹ, àmọ́ mo bá màrìwò lójú ọ̀nà. Mi ò lè rú òfin ìlú, ni mo bá gba inú igbó. Ta ló tiẹ̀ dí ọ̀nà yẹn?”

Bí ilẹ̀ bá lanu, Dọ̀káàsì ì bá kó sí i. Ojú tì í débi pé kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀.

“Èmi ni, ìyá,” ó dáhùn. Ó kúnlẹ̀, ó ń yọ ẹ̀gún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ojú kò jẹ́ kó ríran dáadáa.

“Ó tó, ọmọ mi,” ni Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wí. “Lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ.”

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, wọ́n ní kí Ìyá Ìjọ gbàdúrà. Kò lè gbà á. Ó kàn dìde níwájú ìjọ, ó ní: “Títì ni mo gbá fún Olúwa. Inú ẹ̀gún ló gbà wá bá mi.”

Láti ọjọ́ náà wá ni àwọn àgbà ti ń fi í pòwe pé: ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kì í gba ibẹ̀.