Ìdí Tí Ìlà Inú Awòná Fi Ń Gbọ̀n Tí Kò Sì Lè Sọ̀rọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí Mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti ojú ọ̀run wá bá ọmọ aráyé gbé, kì í ṣe odi. Ó lẹ́nu, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ.

Bí ó bá ń gba inú waya kọjá, tí ibì kan bá já, yóò ké pé, "Ẹ gbà mí o, ọ̀nà ti gé níbí!" Bí ibì kan bá gbóná jù, yóò ní, "Ibí yìí ń jó mi lẹ́sẹ̀." Nítorí náà, kò sí ẹni tó nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ohun tó ń ṣe rédíò tàbí fáànù. Etí lásán ti tó.

Obìnrin kan wà ní ìlú Ìdóòṣà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti oko dé, tó fẹsẹ̀ nà lábẹ́ igi fúrúùtù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ohun tó fi ń ṣe fàájì ni kí ó tú rédíò tó ti kú, kí ó sì jí i dìde. Kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Ó kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni òun àti Mànàmáná ṣe di ọ̀rẹ́. Yóò gbé etí lé ẹ̀yìn rédíò, yóò ní, "Ọ̀rẹ́ mi, níbo ló ń dùn ọ́?"

Mànàmáná yóò ní, "Lápá òsì, lábẹ́ waya pupa."

Àwẹ̀ró yóò yọ́ òjé sí ojú ibẹ̀. Waya méjèèjì yóò lẹ̀ mọ́ra, rédíò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Àwọn ará àdúgbò a máa kí i pé, "Àwẹ̀ró, ọwọ́ rẹ ò ní í rọ o!" Ìyìn yìí dùn mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́jọ́ kan, ó tún rédíò Bàbá Ọ̀jẹ́lékè ṣe. Bàbá yìí ló dàgbà jù ládùúgbò. Wọ́n gbé rédíò náà síta, tọmọdé tàgbà pé lé e lórí, wọ́n ń gbọ́ orin. Àfi bí Mànàmáná ṣe sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀:

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin èèyàn. Òjé tí Àwẹ̀ró fi sí ibí kò mú dáadáa. Ó kánjú. Kò ní í pẹ́ já."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọ̀jẹ́lékè ní, "Háà, Àwẹ̀ró, ìwọ náà máa ń ṣe wúruwùru?" Àwàdà ni bàbá ń ṣe. Ṣùgbọ́n ojú ti Àwẹ̀ró bí ẹni tí ìró tú lára rẹ̀ láàárín ọjà. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tó délé, ó kọjú sí Mànàmáná.

"Ṣé bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe nìyẹn?"

"Ibi tó ń dùn mí ni mo sọ."

"Lójú gbogbo ayé?"

"Àwẹ̀ró, èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Má sọ̀rọ̀ mọ́. Búra fún mi pé o ò ní í sọ̀rọ̀ mọ́."

Mànàmáná ní, "Ọ̀run ni mo ti wá. Ìbúra tiwa kì í ṣe é tú. Bí mo bá pa ẹnu mi dé, mo pa á dé fún gbogbo ènìyàn nìyẹn, àti ìwọ pẹ̀lú. Ṣé o gbọ́ mi?"

Ẹni tí inú ń bí kì í rántí pé ọ̀la ń bọ̀. Àwẹ̀ró ní, "Mo gbọ́. Búra."

Mànàmáná búra. Bí ó ṣe sọ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tán, ohùn rẹ̀ já pìì bí òwú.

Oṣù méjì kọjá. Kò sí ẹni tó fi Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín mọ́. Bí rédíò kan bá ṣòro fún un, yóò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ní ó ti gbó.

Nígbà tí òjò wá rọ̀ dunlẹ̀, tí òtútù mú, Ẹtù kan, ẹyẹ inú igbó, wọ́ ara rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé náà. Ẹ̀jẹ̀ wà ní àyà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá," Ẹtù wí. "Tàkúté ló gé mi láyà. Mi ò lè sàba. Ẹyin mọ́kànlá ni mo yé sínú igbó. Bí òtútù bá wọ inú wọn, wọ́n ti lọ nìyẹn. Mo gbọ́ pé ẹ lọ́gbọ́n lọ́wọ́."

Àánú ṣe Àwẹ̀ró. Ó kan àpótí pákó, ó da lẹ́búlẹ́bú pákó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó so gílóòbù kékeré kan mọ́ ọn láti máa mú un móoru. Ó lọ kó ẹyin mọ́kànlá náà wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ́ wọn síbẹ̀. Mànàmáná wọ inú gílóòbù, ó sì ń tàn wọ́ọ́rọ́, kò sọ nǹkan kan.

Ẹtù sùn ti àpótí náà. Ojoojúmọ́ ló ń bá ẹyin rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìta. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún, wọ́n dá a lóhùn. Ohùn tín-ín-rín ń jáde láti inú èèpo.

"Ẹ gbọ́ wọn, ìyá!" Ẹtù ń fò sókè pẹ̀lú ọgbẹ́ àyà rẹ̀. "Mọ́kànlá ni! Gbogbo wọn pé!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wọ́n lórúkọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ńlá ń rọ̀. Gílóòbù ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Ó kú.

Àwẹ̀ró sáré dé ìdí àpótí. Ó tú waya àkọ́kọ́, ó tún un so. Iná kò tàn. Ó tú ìkejì. Iná kò tàn. Ó gbé etí lé e gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, níbo ló ń dùn ọ́?"

Kẹ́kẹ́ pa.

"Mànàmáná, mo bẹ̀ ọ́. Èmi ni. Èmi Àwẹ̀ró ni. Mo dá ìbúra náà padà fún ọ. Sọ̀rọ̀!"

Ó fi ìka kan waya. Ó rí i pé waya náà ń gbọ̀n. Mànàmáná wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó ń gbọ̀n bí ẹni tó fẹ́ pariwo tí wọ́n fún lọ́rùn. Ó mọ ibi tó ti gé. Kò lè sọ ọ́.

Ẹtù ti bọ́ sínú àpótí, ó tẹ́ àyà rẹ̀ tó ya lé ẹyin lórí. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sára wọn. Ó dẹ etí.

"Ìyá, mẹ́jọ ni mò ń gbọ́."

Àwẹ̀ró ń tú waya. Ó ń tún wọn so, iná kò tàn.

"Ìyá, ẹ ṣe kíá. Ó ku márùn-ún."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ó tún bẹ Mànàmáná. Ó sunkún. Waya ń gbọ̀n lábẹ́ ìka rẹ̀.

"Ìyá, ẹyọ kan ló kù. Èyí tí mo pè ní Àbíkẹ́yìn ni."

Lẹ́yìn náà, Ẹtù kò ka iye mọ́.

Òjò ti dá kí Àwẹ̀ró tó rí i. Ní igun àpótí, òjé kan ti sán. Ojú ibi tó sán kò nípọn ju irun orí lọ. Ó yọ́ òjé tuntun sí i. Gílóòbù tàn kedere sórí ẹyin mọ́kànlá tó ti tutù.

Ẹtù wo iná náà. "Ó mọ̀," ló wí. "Mo rí i bó ṣe ń gbọ̀n. Ta ló dí i lẹ́nu?"

Àwẹ̀ró ní, "Èmi ni."

Ẹtù bọ́ sílẹ̀, ó wọ igbó lọ. Títí dòní, ẹtù kì í fẹ́ yé ẹyin sí ojú ibi tí ènìyàn lè rí i.

Àwẹ̀ró wa ilẹ̀, ó sin wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó jókòó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìgbọ̀n waya náà kò kúrò ní ìka rẹ̀. Ó rò ó pé, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣì lè gbọ̀n, ìgbọ̀n náà sì lè hàn sójú. Ó mú dígí kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó so ọ̀pá tín-ín-rín kan mọ́ ọn pẹ̀lú waya gígùn, ó fi ẹnu ọ̀pá náà kan ibi tí Mànàmáná wà.

Ìlà ìmọ́lẹ̀ kan yọ lójú dígí. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, ó ń gbọ̀n. Àwẹ̀ró kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Bí ó bá ga jù, agbára ti pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ó bá nà gbọọrọ tí kò gbọ̀n, ọ̀nà ti gé.

Ó gbé dígí náà, ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn pé òun ló dí Mànàmáná lẹ́nu ti ṣáájú rẹ̀ dé gbogbo ibẹ̀. Bàbá Ọ̀jẹ́lékè na ọwọ́ sí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Dúró síbẹ̀, ọmọ mi. Mi ò lé ọ o. Ṣùgbọ́n má fi ọwọ́ yẹn kan nǹkan mi mọ́."

Àwẹ̀ró dúró. Ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá." Ó padà sílé, ó gé waya tó so dígí mọ́ ọ̀pá. Ó ṣe é títí ìgbọ̀n Mànàmáná fi ń gba inú afẹ́fẹ́ wá bá a. Láti ìgbà náà, onílé yóò gba ọ̀pá kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi kan ẹ̀rọ rẹ̀ nínú ilé. Àwẹ̀ró yóò dúró sí ìta gbangba pẹ̀lú dígí lọ́wọ́, yóò máa kígbe ibi tó bàjẹ́ sí wọn. Kò sí ẹni tó pè é wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe darúgbó. Bí ó bá ku òun nìkan, yóò wo ojú dígí, yóò ní, "Mànàmáná, ṣé o ti dárí jì mí?" Ìlà náà yóò gòkè, yóò sọ̀kalẹ̀. Gbogbo àìsàn waya ni Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n kò rí ìdáhùn yẹn kà títí ó fi kú.

Láti ọjọ́ náà ni awòná, ìyẹn irú dígí Àwẹ̀ró, tí àwọn tó fẹ́ràn láti máa tú ẹ̀rọ lónìí ń pè ní osilosikóòpù, fi di ohun tí à ń gbé dání láìsí okùn. Láti ọjọ́ náà ni ìlà inú rẹ̀ ń gbọ̀n. Yóò fi hàn ọ́ pé ara ń ni Mànàmáná. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé etí lé e láti àárọ̀ di alẹ́, o ò ní í gbọ́ nǹkan kan.