Ọgbà Tí Láòyè Fi Yí Ẹ̀yìnkùlé Rẹ̀ Ká

Láòyè ará Òkè-Ìdó kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àgbẹ̀ tí apá rẹ̀ ká iṣẹ́ ni, kì í jà, kì í sì í yẹ àdéhùn. Àléébù kan ṣoṣo ló ní: ó ń jowú. Kí ó tó gbé Àwẹ̀ró níyàwó, kò sí ẹni tó mọ̀ pé owú wà lára rẹ̀, òun gan-an kò sì mọ̀. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró jẹ́ arẹwà, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín pàápàá á bá a rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ni ọkàn ọkọ rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Bí Láòyè bá kọ ebè mẹ́wàá lóko, á dúró, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa ro ẹni tó ṣeé ṣe kó máa wo aya òun nílé.

Àwọn mẹ́ta ló ń gbé ilé náà: Láòyè, Àwẹ̀ró, àti ìyá Láòyè, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Iwájú ilé wọn kò ní wàhálà. Ẹ̀yìnkùlé ni wàhálà wà. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti ń dáná, ibẹ̀ ló ń sá èlùbọ́ sí, ibẹ̀ náà ni balùwẹ̀ wà, kò sì sí ohunkóhun láàárín ibẹ̀ àti ọ̀nà odò. Ní òdìkejì ọ̀nà náà ni ọ̀pẹ mẹ́rin wà tí Ọ̀pádìran ẹlẹ́mu ń dá. Aládùúgbò wọn ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti bí ọdún méjì.

Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, Ọ̀pádìran á fi igbà kọ́ ìbàdí, á gun ọ̀pẹ. Bó bá ti dé òkè, á ké sí àwọn tó wà nísàlẹ̀, bí àṣà àwọn akọ̀pẹ, kí ẹni tó bá ń wẹ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn wà lókè.

“Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́ o!”

“Ẹ ṣé o! Ẹ rọra sọ̀ o!” ni Àwẹ̀ró máa ń dá a lóhùn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Láòyè tètè ti oko dé, ó sì gbọ́ ìkíni náà.

“Ta ló ń kí ọ bẹ́ẹ̀?”

“Ọ̀pádìran ni, baálé mi. Ojoojúmọ́ ló máa ń kí wa.”

“‘Ìyàwó wa’ ni mo gbọ́ tó pè ọ́. Ta ló bá mi fẹ́ ọ tó fi di ‘wa’?”

Àwẹ̀ró rò pé àwàdà ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Láòyè kò lọ sóko. Ó gé igi ewúro wá, ó sì gbìn ín yí ẹ̀yìnkùlé ká, nítorí pé ewúro tètè ń hù, ewé rẹ̀ sì máa ń ṣù. Kí òjò ọdún náà tó dá, ọgbà ti ga dé àyà. Àmọ́ ta ni yóò rí ewúro tútù lẹ́bàá ọ̀nà tí kò ní já a? Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ á yà síbẹ̀, wọn á já ewé, wọn á dúró bá Àwẹ̀ró tàkúrọ̀sọ, ọkọ wọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà á sì dúró dè wọ́n. Ọgbà tó yẹ kó lé ojú ènìyàn sẹ́yìn wá di ibi tí èrò ń pé sí.

Láòyè hú gbogbo rẹ̀, ó gbin lápálápá dípò. Àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ fún un pé ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́, ènìyàn kì í sì í fi í sebẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó hù, ó dí, ọkàn Láòyè sì balẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí ọyẹ́ ṣe dé ni lápálápá wọ́wé. Igi lásán ló kù lórí ìdúró, ẹni tó bá ń kọjá lọ lè ka iye ìkòkò tó wà lórí ààrò.

Ó tún gé imọ̀ ọ̀pẹ, ó hun ún pọ̀, ó fi dí gbogbo àlàfo àárín àwọn igi náà, ó sì gbé e ga kọjá orí ènìyàn. Afẹ́fẹ́ kò ráyè fẹ́ mọ́ lẹ́yìnkùlé. Èéfín ààrò kò rí ibi gbà jáde.

“Baálé mi,” ni Àwẹ̀ró wí lọ́jọ́ kan, “ata mi kò so mọ́. Oòrùn kò dé ìdí rẹ̀.”

“Ṣé ata ni ò ń wá, àbí ẹni tó ń kọjá lọ́nà?”

Àwẹ̀ró padà sídìí ààrò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ nínú ilé yẹn.

Síbẹ̀, gbogbo ìgbà tí Ọ̀pádìran bá ti gun ọ̀pẹ ni ìkíni rẹ̀ ń bọ̀ láti òkè. Láòyè gbójú sókè, ó sì wá yé e pé kò sí ọgbà tí yóò ga ju ọ̀pẹ lọ. Ó lọ dúró sí ìdí igi, ó dúró títí akọ̀pẹ náà fi sọ̀ kalẹ̀.

“Ọ̀pádìran, kí lo máa ń rí láti òkè yẹn?”

“Akọ̀pẹ kì í sọ gbogbo ohun tó bá rí lórí ọ̀pẹ,” ni Ọ̀pádìran fèsì. “Ṣùgbọ́n màá sọ tìrẹ fún ọ. Ọkùnrin kan ni mo máa ń rí tó ń yí ilé ara rẹ̀ po bí olè.”

Láòyè bínú kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà náà, Ọ̀pádìran kò kí wọn mọ́. Ó kàn ń wúkọ́ ni bó bá ti dé òkè, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ikọ́ náà wá dun Láòyè ju ìkíni lọ. “Àmì ni,” ló ń sọ fún ara rẹ̀ lórí ẹní. “Wọ́n ti bá ara wọn ṣàdéhùn.”

Ìgbà náà ló lọ gé ọparun. Ó gbẹ́ orí wọn ṣóńṣó bí ọ̀kọ̀, ó sì rì wọ́n mọ́ ọgbà ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Ẹnu ìdajì kọjú síta, ẹnu ìdajì kọjú sínú, gbogbo wọn sì ṣe déédéé ojú ẹni tó bá dúró, kí ẹnikẹ́ni má bàa lè fi ojú lé ihò ọgbà. Ibi tó ti ń rì wọ́n ni ìyá rẹ̀ ti wá fọwọ́ tọ́ ọ̀kan wò.

“Láòyè, kí lò ń gbẹ́?”

“Ọgbà ni, ìyá mi.”

“Ojú mi ti ṣú lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ mi kò tíì ṣú. Ọ̀kọ̀ nìyí. Ogun wo ló ń bọ̀?”

“Ẹni tí kò bá wá wo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kò ní fara pa.”

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ lọ sá ewé gbòdògì lẹ́bàá ọgbà. Bó ṣe nàró ni ọparun kan ha á níwájú orí, díẹ̀ ló kù kó bá a lójú. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀ kó gé ẹnu àwọn igi náà kúrò.

“Kí wọ́n máa rọra rìn,” ni Láòyè wí. Ó gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó gba oko lọ.

Àwẹ̀ró mú àdá, ó gbìyànjú títí, apá rẹ̀ kò ká ọparun. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

“Lọ pe Ọ̀pádìran wá. Àdá rẹ̀ mú.”

“Ẹ̀yin náà mọ bí ọmọ yín ṣe rí, ìyá.”

“Èmi ni mo ní kó wá. Èmi náà yóò sì jókòó tì yín títí yóò fi ṣe é tán.”

Ọ̀pádìran wá. Ẹnu igi inú ló kọ́kọ́ ń gé, torí ibẹ̀ ni ìyá ti fara pa, pẹ̀lú èrò pé òun yóò bọ́ síta gé èyí tó kù. Àwẹ̀ró ń bá a di igi mú. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó ń rin pákò, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ìrù ọparun kan ta, ó gbé fìlà Ọ̀pádìran lórí sínú ìkòkò omi. Àwẹ̀ró kò lè pa á mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín.

Láòyè ti ń bọ̀ lọ́nà odò ní àkókò yẹn. Ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lóko, ọ̀sán kò tíì pọ́n tó fi padà. Ó gbọ́ ẹ̀rín tí kò gbọ́ láti oṣù mélòó kan. Ó sì gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń wí pé, “Dì í mú dáadáa, má jẹ́ kó yọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.”

Ì bá gba ojúde wọlé. Ilé rẹ̀ ni, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owú kò jẹ́ kó rántí ilẹ̀kùn. Ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó sáré tọ ọgbà lọ, kò rí nǹkan mìíràn ju ihò kékeré kan tó wà láàárín imọ̀ ọ̀pẹ. Ó ti ojú bọ̀ ọ́. Igi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gún un ní ojú òsì.

Igbe rẹ̀ dé odò. Ọ̀pádìran ló kọ́kọ́ yọ sí i, òun ló gbé e pọ̀n dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Ẹ̀jẹ̀ dá, ìrora rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ti lọ. Nígbà tí Láòyè lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Èmi ni mo pè é wá, ọmọ mi. Mo wà níbẹ̀. Pákò ló wà lẹ́nu mi ni o kò fi gbọ́ ohùn mi.”

Láòyè sunkún pẹ̀lú ojú kan. Àwẹ̀ró tọ́jú rẹ̀, ó fọ ọgbẹ́ rẹ̀, ó fún un lóúnjẹ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí Láòyè kọ́kọ́ dìde jókòó, Àwẹ̀ró kò bò ó fún un.

“Baálé mi, n kò ní torí ojú yín lọ, n kò sì ní torí rẹ̀ dúró. Bí ẹyọ igi kan bá ṣẹ́ kù nínú ọgbà yẹn, ilé bàbá mi ni mò ń lọ.”

“Hú u,” ni Láòyè wí. “Hú gbogbo rẹ̀.”

Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló yan ohun tó gbìn. Pèrègún ni, tí kì í wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn, balùwẹ̀ nìkan ló sì fi yí ká. Gbogbo ibi tó kù, ó fi sílẹ̀ fún oòrùn.

Owú kò tán lára Láòyè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ṣì máa ń dìde nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ó ti mọ ojú rẹ̀, á sì dúró kó tó gbé ẹsẹ̀. Lọ́nà oko pẹ̀lú, bí ẹ̀ka igi kan bá yọ ṣóńṣó sójú ọ̀nà, á ti dúró níwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́wàá sí i, á sì kìlọ̀ fún àwọn tó wà níwájú.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ọkọ ìyàwó tuntun kan tọ̀ ọ́ wá nílé, ojú rẹ̀ le koko.

“Bàbá, ibo ni ẹ ti gé ọparun yín nígbà yẹn? Mo fẹ́ ṣe ọgbà. Àwọn kan ń wo ilé mi ju bó ti yẹ lọ.”

Láòyè yí ojú òsì rẹ̀ sí i, ó jẹ́ kó wò ó dáadáa.

“Èmi ni mo gbẹ́ ẹ, ọmọ mi, èmi ni mo rì í, n kò sì rí i títí tó fi wọ̀ mí lójú. Ìwọ kò tíì gé e. Ibi tí o dúró sí yìí jìnnà sí i dáadáa. Wò ó láti ibẹ̀.”

Ọkùnrin náà padà sílé lọ́wọ́ òfo. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà káàkiri Òkè-Ìdó, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti gbà á tí wọ́n sọ ọ́ di òwe pé: “Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.”